Àwọn Òmùwẹ̀ Inú Fíláàsì

Ọkọ ọmọ mi kì í sí nílé ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó wà nílé. Kì í ṣe pé ó ń sá fún ìyàwó rẹ̀. Obì ni wọ́n ń tà nílé wọn. Ní Ṣàgámù ni wọ́n ti ń di gbànja sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Kánò, òun ni ìyá rẹ̀ sì fi sí ìdí ṣọ́ọ̀bù tí ó ń gba ẹrù náà lọ́hùn-ún. Ó lè lo oṣù méjì níbẹ̀ kí ó tó wálé fún ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í sì í bọ́ sí ìgbà tí ó wúlò fún ohun tí à ń wá.

Oyún ni à ń wá. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí bàbá ìyàwó wà nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀, mo sì ń dì í burúkú, títí ìyàwó olùkọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, èmi ni mo lọ dúró níwájú káńtà ilé oògùn ní Ìkẹ́nnẹ́ bí olè tí wọ́n mú. Nítorí náà, nígbà tí ó di ọdún kẹrin tí ó ti wọlé ọkọ ní Màkún, ní Ṣàgámù, tí kò tíì lóyún, kò sí ìyá tí yóò bá a jókòó níwájú dókítà. Èmi ni mo bá a jókòó.

Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni mí nígbà náà. Àárín àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ, nígbà tí ṣúgà ṣọ̀wọ́n, tí àwọn ológun sì ń pàṣẹ lórí rédíò. Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi láti máa bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, títí ìdáhùn méjèèjì yóò fi bára mu. Ọmọ mi kò fẹ́ràn ìwà yìí. "Bàámi, ẹ ti bi wọ́n léèkan," ni ó máa ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá bèèrè, ta ni yóò bèèrè fún un?

Ẹni tí ó ń kó ìdààmú bá mi ni ìyá ọkọ rẹ̀. Àlàájà ni gbogbo Màkún ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó wá sí ilé mi ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n bọ́ bàtà.

"Àna mi, mi ò ní ṣe bojúbojú fún yín. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Tíṣà tó tún mọ obì bó, níbo la ti ń rí irú ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ń dá gbé ní Kánò bí ẹni tí kò lẹ́nì kan. Tí obì ọdún yìí bá ti parí tí mi ò rí nǹkan kan, màá bá a wá ẹni tí yóò máa bá a gbé lọ́hùn-ún."

"Ìyàwó míì, Àlàájà?"

"Ṣé mo sọ pé màá lé tiyín ni? Ilé mi tóbi."

Mo mọ ohun tí ilé tóbi túmọ̀ sí. Ọmọ mi yóò wà ní Màkún, yóò máa bó obì, yóò máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD, ẹlòmíràn yóò sì máa bímọ fún ọkọ rẹ̀ ní Kánò. Ẹni tí ó bá ń ka èyí lè bèèrè pé kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò lọ bá ọkọ rẹ̀ gbé. Àlàájà kò gbà, nítorí ọwọ́ tí ó ń bá a bó obì nílé. Èmi náà kò gbà, nítorí ohun tí rédíò ti sọ nípa rògbòdìyàn ìlú ọ̀hún tó mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, lórí èyí nìkan ni èmi àti Àlàájà fi ohùn ṣọ̀kan.

Dókítà tí a lọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Ó ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan sí ìhà Ìjókù ní Ṣàgámù, ó sì yẹ tọkọtaya náà wò nígbà tí ọkọ wálé. Ó ní kò sí ohun tí ó ṣe ọmọ mi. Ti ọkọ rẹ̀, àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ènìyàn yóò torí rẹ̀ sọ ìrètí nù.

"Kánò ló ń dá yín dúró," Dókítà wí fún ọkọ ọmọ mi. "Ẹ jẹ́ ká gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lọ, ká fi í sínú òtútù. Tí ọjọ́ tí ìyàwó yín lè lóyún bá pé, à á yọ́ ọ, à á fi sí i nínú, bí ẹ ò tiẹ̀ sí nílé."

"Bí ẹja?" ọkọ ọmọ mi bèèrè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Ẹja ti kú kó tó wọ fíríìsà. Èyí gbọ́dọ̀ wà láàyè nígbà tó bá jáde. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà."

Ó wá ṣàlàyé. Àwọn ohun tíntìntín tí ó wà nínú àtọ̀ ni ó pè ní òmùwẹ̀, nítorí pé wọ́n ní ìrù, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin obìnrin. Ó ní omi ni ó pọ̀ jù lára wọn. Bí omi náà bá di yìnyín, ẹnu rẹ̀ á mú bí ìgò fífọ́, á máa ya wọ́n láti inú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po gilisẹríìnì àti pupa ẹyin adìẹ mọ́ àtọ̀ náà, kí yìnyín má baà rí wọn ya tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan á kú nígbà tí wọ́n bá ń dì, àwọn kan á kú nígbà tí wọ́n bá ń yọ́. Bí ó bá sì lọ jẹ́ pé wọ́n yọ́ díẹ̀, tí wọ́n tún dì, ìyẹn ló burú jù, nítorí yìnyín kéékèèké á para pọ̀ di ńlá.

"Mélòó ló máa jí?" mo bèèrè.

"Bá a bá rí ìdajì, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́."

"Àwọn tó bá jí ńkọ́? Ṣé wọ́n á rí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

"Ó máa ń tètè rẹ̀ wọ́n. Èyí tí ì bá lo ọjọ́ méjì nínú obìnrin lè má lò ju wákàtí mélòó kan lọ. Ìdí nìyẹn tá ò fi gbọ́dọ̀ ṣi ọjọ́ mú."

"Ọmọ tó bá wá ti ibẹ̀ wá..."

"Bàámi," ọmọ mi wí.

"Jẹ́ kí n bèèrè. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ wá, ṣé òtútù ò ní ti bà á jẹ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èyí tí yìnyín bá bà jẹ́ ò lè rìn débẹ̀. Èyí tó bá débẹ̀, odindi ni."

Mo tún bi í ní ọ̀nà mìíràn. Ìdáhùn méjèèjì bára mu. Mo gbà.

Fíláàsì náà wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Irin ni, ó ga dé orúnkún mi, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ tóbi. Gáàsì tí wọ́n ti sọ di omi ni ó wà nínú rẹ̀, òtútù rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti fíríìsà. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí, èéfín funfun á máa ṣàn lọ sílẹ̀ dípò kí ó gòkè. Gáàsì náà máa ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ Dókítà ni ó sì ń lọ rọ òmíràn wá láti Èkó. Wọ́n fa àtọ̀ náà sínú àwọn ọ̀pá oníke tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀pá yíǹkì inú bírò gẹ́lẹ́. Wọ́n tò wọ́n sínú ife irin kan tí ó ní ọwọ́ gígùn, wọ́n sì rì í sísàlẹ̀ fíláàsì.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà yọ́ ọ̀kan láti wo bí wọ́n ṣe jí, ó sì ní kí n wá fi ojú sí awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Mi ò rò pé bàbá ìyàwó kan ti rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo Rẹ́mọ. Ojú tì mí, síbẹ̀ mi ò lè gbé ojú kúrò. Àwọn kan ń lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Àwọn kan ń yí lójú kan. Àwọn tó kù dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Dókítà ní àwọn tí ó ń rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, inú rẹ̀ sì dùn. Kí ó tó bo fíláàsì, ó kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì lójú mi: "Tó o bá fẹ́ mú ọ̀kan, má gbé ife yìí kọjá ọrùn fíláàsì. Mú un kíá, dá a padà kíá. Ooru ìta ni ikú wọn."

Nọ́ọ̀sì ní, "Yẹ̀sà."

Ọkọ ọmọ mi padà sí Kánò. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ mi gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì lọ dúró sí ìta ilé ìwòsàn. Dókítà yọ́ ọ̀pá kan nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó fi tẹmómítà wọ̀n. Ó wò ó nínú awò, ó ní wọ́n jí, ṣùgbọ́n wọn kò tó ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó fi í sí i nínú. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó jáde wá, ó sì rọra ń rìn bí ẹni tí ó ru omi. Mo ní kí ó má ru nǹkan kan. Mo ní kí ó má bó obì. Mo ní kí ó má jókòó sórí ìkòkò. Ó ní, "Bàámi, ta ló ń jókòó sórí ìkòkò?"

Nǹkan oṣù rẹ̀ dé.

Ní oṣù kejì, àwọn tí ó jí tún kéré sí i. Ní oṣù kẹta, Dókítà yọ́ ọ̀pá méjì pọ̀, ó sì pẹ́ lórí awò kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń yí lójú kan, kò sí èyí tí ó ń lọ tààrà. Ó fi wọ́n sí i nínú síbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ti pé, kò sì sí ohun mìíràn. Nǹkan oṣù tún dé.

Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba àtọ̀ náà, inú fíláàsì kan náà ni ó wà. Kí ló dé tí ti oṣù yìí fi burú ju ti oṣù tó kọjá? Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo bá awakọ̀ rẹ̀ lọ sí Èkó, mo sì dúró tì í títí wọ́n fi rọ gáàsì náà kún. Nígbà tí a dé, Dókítà ki ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fi ń wọn gáàsì bọ inú fíláàsì, ó yọ ọ́, yìnyín funfun lára ọ̀pá náà ga dé ibi tí ó yẹ. Mo tún ní kí ó kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ibì kan náà ni. Ó wá ní bóyá àtọ̀ ọkọ ọmọ mi ni kò gba òtútù, pé ti ẹlòmíràn máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ṣebí ó gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́?" Ó ní òun yóò tún wò ó.

Àlàájà ní tirẹ̀ ti mọ ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Mo bá a pàdé níwájú ilé rẹ̀ ní Màkún.

"Ẹ rí i báyìí, Àna mi? Wọ́n gbé e fún un tọwọ́-tẹsẹ̀, inú rẹ̀ ò gbà á."

"Àlàájà, wọn ò jí. Ohun tí kò jí, báwo ni inú ọmọ mi ṣe fẹ́ gbà á?"

"Kí ni ò jí? Nǹkan ọmọ mi lẹ pè ní òkú?"

"Èmi kọ́ ni mo pè é bẹ́ẹ̀. Inú awò ni mo ti rí i."

"Ẹ tún ń lọ wo nǹkan ọmọ mi nínú awò! Bàbá ìyàwó! Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì yìí ò lójútì."

Àwọn obìnrin tí ń bó obì lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi wà láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ nínú omi obì, kò gbé ojú sókè. Ní ọjọ́ yẹn, nígbà tí ó sìn mí dé ojú títì, ó sọ ohun kan tí mi ò fetí sí dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin àti Àlàájà lẹ máa ń bèèrè nǹkan. Ẹ ń bi Dókítà, ẹ ń bi ara yín. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí."

Mo ní kí ó lọ sinmi.

Obì ọdún náà ti ń lọ sí ìparí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo kúrò níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù láti lọ sọ fún Dókítà pé kí ó jẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe fíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà kò sí ní ilé ìwòsàn. Mo gbọ́ ohùn Àlàájà láti inú yàrá ẹ̀yìn, mo sì gba ibẹ̀ lọ.

"Gbé e sókè sí i, ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀. Mélòó ló kù?"

"Mẹ́rin, Màmá."

"Lọ́sẹ̀ yẹn náà, mẹ́rin ni. Ó dáa. Yí i síbí kí n rí ìdí ẹ̀. Kí ni funfun tó bò ó yìí? Nù ún, nù ún, kó má baà bu."

Mo dé ẹnu ọ̀nà. Fíláàsì wà ní ṣíṣí, èéfín rẹ̀ ń ṣàn lórí sìmẹ́ńtì. Ife irin wà lókè pátápátá lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ní ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó sì ń fi aṣọ funfun nu àwọn ọ̀pá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàájà bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn, tẹ̀síbà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbàdúrà sí wọn lára.

"Dá a padà!" mo kígbe. "Dá a padà kíá!"

Nọ́ọ̀sì jù ú sínú fíláàsì, omi náà hó ṣààà.

"Ha, Àna mi! Ẹ kú ọ̀sán. Kí lẹ ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún?"

"Kí lẹ ń ṣe, Àlàájà?"

"Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀ ni. Gbogbo Jímọ̀, tí mo bá ti kírun tán. Ta ni kì í yẹ ẹrù ẹ̀ wò?"

Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àgbà ni wọ́n, sà. Àdúgbò kan náà la ń gbé. Mi ò lè sọ pé kí wọ́n máa lọ. Mo rò pé wíwò lásán ni."

Kí ẹni tí kì í ṣe ará Ṣàgámù lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo ní láti sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbànja. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bó o tí wọ́n sì fọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó o sí i, wọ́n á sì fi ewé bò ó kí ó má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lóòrèkóòrè ni wọ́n ń tú apẹ̀rẹ̀ palẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ kan obì náà ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, wọ́n á nu èyí tí ó ní ìdọ̀tí, wọ́n á pààrọ̀ ewé, wọ́n á tún un dì. Obì tí wọ́n bá tọ́jú báyìí lè pẹ́ fún oṣù púpọ̀. Kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ju Àlàájà lọ ní Màkún. Gbànja rẹ̀ á dé Kánò bí èyí tí wọ́n já lánàá. Ohun tí ó ń ṣe fún obì tí ó níyì jù lójú rẹ̀ ni ó ń ṣe fún àtọ̀ ọmọ rẹ̀.

Mo jókòó de Dókítà. Àlàájà náà jókòó. Nígbà tí ó dé tí mo sì rò fún un, ó lọ yọ́ ọ̀pá kan nínú mẹ́rin tó kù. Ó wò ó nínú awò, ó sún sẹ́yìn, ó ní kí n wò. Gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Kò sí èyí tí ó ń yí lójú kan pàápàá.

Ó bá Àlàájà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù tí èmi kò ní. "Màmá, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá gbé e síta báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nínú. Ojú ò lè rí i. Ẹ dá a padà, ó tún dì, yìnyín yẹn tún ya wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ tún gbé e jáde."

"Ìṣẹ́jú kan péré?"

"Ìṣẹ́jú kan pọ̀ jù, Màmá."

"Dókítà, òtútù yín ò lágbára nìyẹn. Ẹ ń gbé nǹkan pamọ́, ẹ ní ká má wò ó. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Tí ẹ bá ti dà á nù ńkọ́? Tí ẹ bá ti fún ẹlòmíràn ńkọ́?"

Mo fẹ́ bínú sí ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí èmi náà ì bá bèèrè ni. Èyí tilẹ̀ wá mú kí inú túbọ̀ bí mi. Oṣù mẹ́ta! Ọmọ mi ti tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí bẹ́ẹ̀dì fún ohun tí wọ́n ti pa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fi í bú un lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí mo sì fẹ́ dá lẹ́bi náà nìyí, arúgbó obìnrin tí ó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn wá gbàdúrà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mi ò rí ibi tí mo lè gbé ìbínú náà kà.

Dókítà ní a lè gba òmíràn, òun yóò fi àgádágodo sí yàrá náà. Ṣùgbọ́n ọkọ gbọ́dọ̀ wálé. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Àlàájà nínú ilé obì rẹ̀.

"Ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ yín."

"Nísinsìnyí tí obì ìkẹyìn ń lọ? Ta ni yóò gbà á lọ́hùn-ún? Ẹ fẹ́ kí wọ́n jí mi lẹ́rù kó?"

"Ẹ jẹ́ kí ó lo oṣù kan nílé."

"Oṣù kan! Ẹ̀yin ò tíì tà rí láyé yín. Tí ó bá dé lẹ́yìn obì, à á tún un ṣe."

"Lẹ́yìn obì lẹ sọ pé ẹ máa wá ìyàwó míì."

"Mo sì tún sọ ọ́. Ṣé kí n jókòó máa wo fíláàsì ni?"

"Ẹ̀yin gan-an lẹ jókòó wò ó!"

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ, títí ọmọ mi fi nu ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì dìde láàárín àwọn tí ń bó obì. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì, nítorí náà ni mo ṣe rò pé ẹ̀bẹ̀ ni ó fẹ́ bẹ̀.

"Bàámi, Màmá, mò ń lọ sí Kánò. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa níléèwé. Ọjọ́ Ajé ni màá wọkọ̀."

"Kánò kẹ̀?" èmi àti Àlàájà sọ ọ́ pọ̀.

"Ìlú yẹn ò fara rọ," mo ní. "O ò gbọ́ èdè wọn. O ò mọ ẹnì kankan."

"Mo mọ ọkọ mi."

"Ta ni yóò bá mi bó obì?" Àlàájà bèèrè.

"Màmá, ẹ wá ẹni tí yóò bá yín bó o. Ẹ̀ ń wá ìyàwó fún un tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ẹni tí ń bó obì." Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè gbé e mì. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Bàámi, ọdún mẹ́rin ni. Ẹ̀ ń yẹ̀ mí wò, Màmá ń yẹ̀ mí wò, Dókítà ń yẹ̀ mí wò. Ó ti tó. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Mo ṣàròyé. Mo ní kí ó dúró títí Dókítà yóò fi tún gba òmíràn. Ó bi mí bóyá àwọn òmùwẹ̀ tí kò tíì wọ òtútù rí kò sàn ju ìdajì tí ó jí lọ. Ọ̀rọ̀ tí Dókítà sọ níwájú mi ni ó fi bi mí. Àlàájà ní tirẹ̀ dákẹ́ nípa ìyàwó kejì láti ọjọ́ náà, nítorí yàrá kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Kánò.

Àwọn tí ó mọ̀ wá mọ̀ pé ọmọ dé lẹ́yìn náà, ó pẹ́ díẹ̀, Kánò ni wọ́n sì bí i sí, láìsí fíláàsì, láìsí awò. Mi ò mọ ìyẹn lọ́jọ́ Ajé náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ń lọ sí ibi tí mi ò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Mo tètè dé gáréèjì ní Ṣàgámù. Mo wo taya ọkọ̀ náà. Mo bi awakọ̀ bóyá tuntun ni taya náà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún bi ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ wò ó dáadáa. Mo wọ inú ọkọ̀, mo jókòó sórí ìjókòó ọmọ mi láti mọ̀ bóyá ó lágbára, mo fi ọwọ́ ti gíláàsì fèrèsé. Mo sọ fún obìnrin tí ọmọ mi yóò jókòó tì pé kí ó jọ̀ọ́, bí wọ́n bá dúró jẹun lójú ọ̀nà, kí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì jọ wọlé. Mo tún ń sọ fún un nípa omi tí ó yẹ kí wọ́n mu nígbà tí ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń bá wa lọ, ẹ lọ ja tíkẹ́ẹ̀tì!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi dúró lójú ọ̀nà àárín ìjókòó, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń dúró kí n dìde kí òun lè jókòó.

"Bàámi," ó ní, "ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo dìde, mo nu ìjókòó náà fún un, mo sì sọ̀ kalẹ̀.